Òkú tó ń mí: ìtàn bí simulator ṣe kọ́ láti mọ̀ pé àlejò òun ti kú

1.
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìtàn tòní dá lórí nǹkan tí ọ̀pọ̀ wa ò fojú rí rí, àmọ́ tó lọ́wọ́ nínú fóònù tẹ́ ẹ fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí: bí kọ̀ǹpútà kan ṣe ń gbé kọ̀ǹpútà mìíràn sínú, àti bó ṣe kọ́ láti mọ̀ nígbà tí èyí tó wà nínú bá kú. Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá wà láàárín ìtàn náà. Ẹ má lọ o. 🧵

2.
Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Tí iléeṣẹ́ kan bá fẹ́ ṣe chip tuntun, kò lè kàn tẹ̀ ẹ́ jáde kó tó wá máa wò bóyá ó dáa. Owó ibẹ̀ pọ̀ jù. Wọ́n á kọ́kọ́ kọ ètò kan tó máa ṣe bí ẹni pé òun gan-an ni chip náà. Ètò yẹn là ń pè ní simulator. Kò sí irin níbẹ̀, kò sí wáyà. Nọ́ńbà lásán ni. Àmọ́ ó ń ṣe ohun tí chip gidi máa ṣe, ó sì ń ṣírò iye àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbà.

3.
Inú simulator yìí ni wọ́n á wá gbé odidi operating system sí, bíi Linux tàbí Android. Èyí tó wà nínú yìí ni àlejò. Kọ̀ǹpútà gidi tó wà lórí tábìlì ni onílé. Àlejò ò tiẹ̀ mọ̀ pé àlejò lòun. Ó rò pé orí irin gidi lòun jókòó sí. Ó ń wá díìsìkì, ó ń wo aago, ó ń pín mẹ́mórì.

Kernel sì ni ọ̀gá inú operating system. Òun ló ń pín àyè àti àkókò fún gbogbo ètò yòókù, bí ìyálọ́jà ṣe máa ń pín ìsọ̀ fáwọn tó ń tajà. Tí kernel bá ṣubú, ọjà tú nìyẹn.

4.
Ibi tí wàhálà wà rèé. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ tí kernel àlejò bá kú? Èèyàn á rò pé gbogbo nǹkan á dúró jẹ́ẹ́. Rárá o.

Tí kernel Linux bá pàdé àṣìṣe tí ò lè gbà kọjá, ó máa sáré lọ síbi iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní panic, ìyẹn ìpáyà. Á kọ ohun tó pa á sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, tẹ́nikẹ́ni ò bá ti ṣètò pé kó tún ara ẹ̀ tàn, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí po lójú kan náà, láìní ópin. Chip ṣì ń ṣiṣẹ́. Àṣẹ kan náà ló ń tẹ̀ lé, léraléra. Òkú tó ń mí.

5.
Simulator ní tiẹ̀ ò mọ ìyàtọ̀ kankan. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni pé kó máa fara wé chip. Chip ń yí po, òun náà á máa yí po. Kò purọ́, kò sì ṣàṣìṣe. Ó ń sin òkú tọkàntọkàn ni.

Tí ohun gbogbo bá yá, ìyẹn ì bá má jẹ́ nǹkan kan. Àmọ́ simulator ò yá. Ohun tí kọ̀ǹpútà gidi ń ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá kan lè gba simulator tó ń wo gbogbo kúlẹ̀kúlẹ̀ ní wákàtí púpọ̀, ó tiẹ̀ lè di ọjọ́.

6.
Ẹ wá gbé ìyẹn wá sí Ìkòròdú. Apá ọ̀dọ̀ wa níbí ni ibùdó iná Egbin wà, tó ní ẹ̀rọ 6, ọ̀kọ̀ọ̀kan 220 megawatt, àpapọ̀ 1,320. Wáyà tó kárí orílẹ̀-èdè ni iná ibẹ̀ ń bọ́ sí, nítorí náà pé èèyàn jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ ò ní kí iná ilé onítọ̀hún má lọ. Gbogbo wa la mọ iye tí lítà epo bẹntiróòlù kan jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ tan simulator sílẹ̀ di àárọ̀, owó ló ń sun yẹn.

7.
Nígbà tí mo wà nílé ìwé ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀rẹ́ mi kan fi simulator ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Òru méjì gbáko ni jẹnẹrétọ̀ kékeré, àwọn “I pass my neighbour” yẹn, fi ké lẹ́yìn yàrá rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta ó ṣí fáìlì tó yẹ kí èsì wà. Àlejò ti kú láti wákàtí àkọ́kọ́. Kernel ò rí díìsìkì tó yẹ kó gbéra látorí rẹ̀, ló bá páyà. Kò sẹ́ni tó ti sọ fún simulator tẹ́lẹ̀ pé tó bá rí irú ẹ̀, kó dúró. Gbogbo epo tó jó lẹ́yìn wákàtí yẹn, òkú ló fi jẹ.

Látọjọ́ yẹn ni ìbéèrè yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn: ta ló kọ́kọ́ kọ́ simulator pé kó máa wo ojú àlejò? Ohun tí mo kà jọ rèé.

8.
Ẹ jẹ́ ká lọ sí Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1949 ni kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ EDSAC kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé kíkọ ètò tí kò ní àṣìṣe kì í ṣe eré. Tí ètò bá kú, ẹ̀rọ á kàn dúró, wọn ò sì ní mọ ibi tó ti ya kúrò lójú ọ̀nà.

Ní 1951, Stanley Gill tẹ ìwé jáde lórí bí wọ́n ṣe lè wá àṣìṣe rí. Dípò kí ẹ̀rọ máa sáré ka ètò náà fúnra ẹ̀, ó kọ ètò kékeré kan tó ń mú àṣẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, á ṣe é nípò ẹ̀rọ, á sì tẹ ohun tó ṣe síta. Ẹ̀rọ ń fara wé ara rẹ̀ kí èèyàn lè yọjú wo inú ẹ̀. Ibẹ̀ ni irúgbìn wà.

9.
Cambridge mìíràn wà, tó wà ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Ní 1964, àwọn òṣìṣẹ́ IBM níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ètò kan tí wọ́n pè ní CP-40. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní 1967, wọ́n ti ń lò ó. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni, àmọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan tó jókòó sídìí ẹ̀ gbà pé òun lòun ni gbogbo ẹ̀.

Èrè tó tibẹ̀ jáde ni pé ẹni tó ń kọ operating system tuntun lè dán an wò nínú yàrá tirẹ̀. Tó bá kú, á kú síbẹ̀. Onílé ò ní bá a kú, àwọn àlejò yòókù ò sì ní mọ nǹkan kan. Ní 1972, IBM gbé VM/370 jáde fún gbogbo ayé látinú iṣẹ́ yìí.

10.
Orúkọ yẹn, panic, ibo ló ti wá? Ẹ gbọ́ èyí, ó dùn.

Lẹ́yìn 1960, àwọn kan ń kọ operating system ńlá kan tó ń jẹ́ Multics. Tom Van Vleck wà lára wọn. Òun ló sọ pé òun sọ fún Dennis Ritchie, ọ̀kan lára àwọn tó dá Unix sílẹ̀, pé nǹkan bí ìdajì iṣẹ́ tí òun ń kọ ló jẹ́ bí ẹ̀rọ ṣe máa gbé ara ẹ̀ dìde tí nǹkan bá bàjẹ́. Ritchie fèsì pé àwọn ò kó ìyẹn sínú Unix rárá. Tí nǹkan bá bàjẹ́, àwọn ní iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ panic. Ẹ̀rọ á kú, ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀ á sì kígbe sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé kí wọ́n tún un tàn.

11.
Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan níbẹ̀. Panic gbára lé pé èèyàn wà nítòsí. Ẹnì kan á gbọ́ igbe, ẹnì kan á dìde. Nígbà tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991, àṣà yẹn tẹ̀ lé e wá.

Linux tún ní èyí tó kéré sí i, orúkọ rẹ̀ ni oops. Oops ni ọgbẹ́, panic ni ikú. Tí oops bá ṣẹlẹ̀, kernel lè pa ètò tó fa wàhálà, kó sì máa tiro lọ. Àmọ́ nínú simulator, kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí ẹni tó ń gbọ́ igbe. Àlejò ń pariwo nínú yàrá tí ògiri ẹ̀ nípọn.

12.
Àwọn tó dá ojú sí ògiri náà wà ní Yunifásítì Stanford. Láàárín 1990 sí 2000, Mendel Rosenblum àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, bíi Stephen Herrod, Edouard Bugnion àti Scott Devine, kọ simulator kan tí wọ́n pè ní SimOS. Kì í ṣe ètò kékeré ló ń gbé. Odidi IRIX, operating system tí iléeṣẹ́ Silicon Graphics ń tà lọ́jà, ló ń gbéra nínú ẹ̀.

Wọ́n sì fi nǹkan kan kún un tí wọ́n pè ní annotation. Olùwádìí lè sọ pé: nígbàkígbà tí àlejò bá dé ojú àṣẹ báyìí nínú kernel, tàbí tó bá fọwọ́ kan ibi báyìí nínú mẹ́mórì, ẹ ṣe iṣẹ́ kékeré tí mo kọ yìí.

13.
Kó lè yé wa: ẹ ronú nípa apẹja lójú ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Kò bẹ́ sómi lọ jókòó ti ẹja. Ó so nǹkan tó ń léfòó mọ́ àwọ̀n, ó sì jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀. Tí nǹkan yẹn bá mì, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé nísàlẹ̀. Ẹja ò mọ̀ pé ẹnì kan ń wo òun.

Báyẹn gan-an ni. Simulator so àmì mọ́ àdírẹ́sì kan nínú kernel. Àlejò ò mọ̀. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tẹ ibẹ̀, àmì á mì, onílé á gbọ́.

14.
Ẹlòmíì á ní: ṣé wọn ò kúkú lè kọ ọ́ sínú kernel pé kó máa ròyìn fúnra ẹ̀ ni? Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìròyìn yẹn náà iṣẹ́ ni. Á gba àkókò, á sì yí ohun tí à ń wọ̀n padà. Tó bá jẹ́ onílé ló ń wò láti ìta, aago àlejò dúró pátápátá ní gbogbo àsìkò tá a fi ń wò ó. Tá a bá wò ó tán, á máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ìyẹn ni ẹwà ẹ̀.

15.
Ó yá, ẹni tí mo ṣèlérí dé. Oyekunle Ayinde Olukotun, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Kunle Olukotun. Ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Michigan ní 1991, ó sì lọ máa kọ́ni ní Stanford, níbi tí SimOS ti jáde.

Nígbà yẹn, àwọn tó ń ṣe chip ń lé nǹkan kan ṣoṣo: kí chip kan máa lágbára sí i. Olukotun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ béèrè ìbéèrè mìíràn. Tá a bá ní àyè kan náà lórí chip, ṣé alágbára ńlá kan ló yẹ ká fi síbẹ̀ ni, àbí ọ̀dọ́ 4 tí agbára wọn mọ níwọ̀n?

16.
Ní 1996 ni wọ́n gbé èsì náà jáde. Chip ọ̀hún ò sí níbì kankan láyé. Inú SimOS ni wọ́n ti dán an wò. Alágbára náà lè ṣe àṣẹ 6 lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn 4 lè ṣe 2.

Níbi iṣẹ́ tí ò ṣeé pín, alágbára fi ìpín 30 nínú ọgọ́rùn-ún dáa ju ẹyọ kan lára àwọn kékeré lọ. Àmọ́ níbi iṣẹ́ tó ṣeé pín dáadáa, àti níbi tí ètò púpọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀, àwọn 4 fi ìpín 50 sí 100 dáa ju alágbára lọ. Nítorí pé odidi operating system ló wà nínú SimOS, làálàá kernel náà wọnú ìṣirò. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọ́n gbàgbé ìyálọ́jà.

17.
Ní 2000, Olukotun dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀. Orúkọ tó fún un? Afara. Bẹ́ẹ̀ ni, afárá tiwa yìí, èyí tí à ń gbà kọjá omi. Afara Websystems. Sun Microsystems rà á ní 2002, ohun tó sì tibẹ̀ jáde ni UltraSPARC T1 ní 2005, tí wọ́n tún ń pè ní Niagara: core 8 lórí chip kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé iṣẹ́ 4 lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí ẹni tó ń ta fóònù fún yín bá ń pariwo “octa-core”, ẹ rántí pé ọkùnrin yìí wà lára àwọn tó ṣáájú lójú ọ̀nà yẹn. Ní 2023 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Eckert-Mauchly, èyí tó ga jù lọ nínú iṣẹ́ ìṣètò chip.

(Rosenblum náà ò jókòó lásán. Òun àti Diane Greene àtàwọn míì dá VMware sílẹ̀ ní 1998, ó sì sọ ọ̀rọ̀ onílé àti àlejò di òwò ńlá.)

18.
Ẹ jẹ́ ká padà sí Michigan, ilé ìwé tí Olukotun ti jáde. Lẹ́yìn 2000, àwọn kan níbẹ̀ kọ simulator tó ń jẹ́ M5. Ní Yunifásítì Wisconsin, àwọn míì kọ GEMS, tó mọ ọ̀rọ̀ mẹ́mórì dunjú. Wọ́n da méjèèjì pọ̀, wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ fáyé ní 2011 lábẹ́ orúkọ gem5. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni lè gbé e sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kó ka inú ẹ̀, kó tún un ṣe. Òun ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ń lò lónìí.

19.
Báwo ni gem5 ṣe ń mọ̀ pé àlejò kú? Fáìlì kernel Linux máa ń wá pẹ̀lú ìwé orúkọ nínú: iṣẹ́ báyìí wà ní àdírẹ́sì báyìí. gem5 á ṣí ìwé yẹn, á wá “panic” rí, á so àmì mọ́ ọn. Á ṣe bákan náà fún oops. Tí ẹsẹ̀ àlejò bá kan ibẹ̀, ọ̀rọ̀ dọ́wọ́ onílé.

Láyé àtijọ́, yíyàn ò pọ̀: yálà kí simulator bá àlejò kú, tàbí kó fojú fò ó. Ní báyìí o lè sọ ohun tó o fẹ́. Máa lọ. Da ìròyìn ikú síta, kó o máa lọ. Da ìròyìn síta, kó o dúró jẹ́jẹ́. Tàbí da ìròyìn síta, kó o pariwo pé àṣìṣe ńlá ti ṣẹlẹ̀.

20.
Ìròyìn ikú wo? Èyí gan-an ló wù mí jù. Kernel ní ìwé tó ń kọ ìṣe rẹ̀ sí nínú mẹ́mórì. Tí ikú bá dé lójijì, ó lè má ráyè sọ ohun tó kọ síta. Lórí ẹ̀rọ gidi, ó lè bá a lọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mẹ́mórì àlejò, ọwọ́ onílé ló wà. Simulator á na ọwọ́ sápò òkú, á mú ìwé yẹn jáde, á kà á fún ẹ.

Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mọ bí ìwé náà ṣe rí. Nínú Linux 5.10 tó jáde ní 2020, wọ́n yí ìtò ìwé yẹn padà. Ẹni tó bá mọ ti àtijọ́ nìkan, pálapàla ló máa kà. Ẹni tó ń tọ́jú àlejò gbọ́dọ̀ máa kọ́ èdè àlejò, ọdún dé ọdún.

21.
Àmì yìí kì í sì í ṣe fún ikú nìkan. Nígbà míì kernel máa ń dúró díẹ̀ kí ẹ̀rọ kan lè ṣe tán, ó kàn ń yí po kí àkókò lè kọjá. gem5 lè so àmì mọ́ ibẹ̀ náà, kó fò ó kọjá, kó sì jẹ́ kí aago sún síwájú. Fún ẹni tó ń fi epo ṣe é, èrè nìyẹn.

22.
Kí wá ni tiwa níbẹ̀? Ẹ wò ó. LASUSTECH wà ní Ìkòròdú. Ẹ̀ka ìmọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ ti LASU wà ní Ẹ̀pẹ́. Kò sí èyí nínú ìlú méjèèjì tó ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ chip. Àmọ́ èrò 1996 yẹn ò ti ibi tí wọ́n ti ń tẹ chip jáde. Inú simulator ló ti jáde, irú èyí tí laptop àlòkù lè gbé lónìí, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tó ń yà wá sọ́tọ̀ sí wọn ni iná àti àkókò. Ẹni tí iná ẹ̀ kì í lọ lè fi òru méjì sin òkú kó má tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Àwa ò lè ṣe é. Ìdí nìyẹn tí ohun kékeré yìí, kí simulator mọ ìgbà tí àlejò kú, fi ṣe pàtàkì fún wa ju bó ṣe rí fún ẹni tó kọ ọ́ lọ.

23.
Tẹ́ ẹ bá ní ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá lórí ẹ̀, ẹ sọ mẹ́ta yìí fún un. Àkọ́kọ́, kernel tó bá fẹ́ lò gbọ́dọ̀ ní ìwé orúkọ nínú. Tí wọ́n bá ti gé e kúrò, àmì ò ní rí ibi tó máa so mọ́. Èkejì, kó ṣètò pé tí panic bá ṣẹlẹ̀, kí simulator da ìròyìn síta kó sì dúró. Ẹ̀kẹta, tí àlejò bá ti gbéra tán, kó fi ibi tó dé pa mọ́ sórí díìsìkì. Tí wọ́n bá mú iná lọ, ibẹ̀ ló ti máa bẹ̀rẹ̀, kò ní padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

24.
Láti ọ̀dọ̀ Gill ní 1951 títí dòní, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: kí onílé lè rí àlejò láìfọwọ́ kàn án, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kó dá ọwọ́ dúró. Àwọn tó ń sáré pọ̀ nínú ìtàn kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń gba ìyìn. Èmi fẹ́ ká tún yin àwọn tó kọ́ ẹ̀rọ pé kó dúró.

Ọ̀rẹ́ mi parí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì yege. Lẹ́yìn òru méjì yẹn, kò tún tan jẹnẹrétọ̀ láì kọ́kọ́ so àmì mọ́ panic.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ iléèwé tẹ́ ẹ mọ̀. Ìbéèrè tó bá wà, ẹ jù ú sísàlẹ̀, mò ń kà á. ✌🏾